Ọmọ tó ní Ìkìrun ni òun ti wá: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan nílé ẹ̀kọ́ girama l'Óṣogbo

Irọ́ pípa ni ẹ̀sùn tí wọ́n kọ sínú ìwé ọmọ náà kí wọ́n tó mú un wá sí ọ́fíìsì mi. Ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá ni, JSS3 ló wà, ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde ló sì tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà. Láti JSS1 ni gbogbo kíláàsì ti mọ̀ ọ́n sí ọmọ Ìkìrun. Ó ti sọ fún wọn pé bàbá òun ní oko kòkó níbẹ̀, pé ìyá òun ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, pé ìyá bàbá òun ló fún òun ní oríkì tí òun ń jẹ́, Àyìnkẹ́. Nígbà tí olùkọ́ kíláàsì wá ní kí kálukú mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá láti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀, àwọn yòókù mú tiwọn wá, òun kò mú nǹkan kan wá. Lónìí ó gbàgbé rẹ̀ sílé, lọ́la bàbá rẹ̀ ti rìnrìn àjò. Wọ́n ránṣẹ́ pe òbí rẹ̀. Obìnrin tó wá kò gbọ́ ju Yorùbá ọjà lọ. Ó fi Píjìn lú u, ó ṣàlàyé pé àbúrò ìyá ọmọ náà ni òun, pé Kamẹrúùn ni àwọn ti wá, pé ogun ló lé àwọn kúrò nílé.

Igbákejì ọ̀gá wa bínú gidigidi. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ náà dúró níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kó jẹ́wọ́. Wọn kì í ṣe ìkà èèyàn. Ohun tó dùn wọ́n ni pé ọmọ tí wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn yòókù, ọmọ tó ń gba ẹ̀bùn èdè Yorùbá, tan gbogbo wa jẹ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀, nítorí èmi ni olùdámọ̀ràn ilé ẹ̀kọ́ náà. N kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí ẹnikẹ́ni níbí, mo sì ti pa àwọn àmì kan dà kí wọ́n má bàa fi dá a mọ̀.

Abúlé kan ní agbègbè Eyumojock ni wọ́n bí i sí, ní ẹ̀gbẹ́ títì tó ti Mamfe wá sí bodè Nàìjíríà ní Ekok. Ejagham ni wọ́n ń sọ nílé wọn. Àwọn Ejagham wà ní ìhà tiwa náà, ní Etung àti Akamkpa ní ìpínlẹ̀ Cross River. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn, wọ́n sì ń sin òkú ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà sáàárín wọn.

Ìlà yẹn ní ìtàn tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba apá kan Kamẹrúùn lọ́wọ́ Jámánì, wọ́n sì ń darí rẹ̀ pa pọ̀ mọ́ Nàìjíríà. Enugu ni àwọn aṣojú Gúúsù Kamẹrúùn ti ń jókòó nílé aṣòfin Ìlà-Oòrùn kí wọ́n tó ní ilé ìgbìmọ̀ tiwọn ní Buea ní 1954. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1961 ni wọ́n dìbò lábẹ́ àbójútó Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé. Àwọn ará Àríwá Kamẹrúùn yàn láti wà pẹ̀lú Nàìjíríà, àwọn ará Gúúsù yàn láti bá Kamẹrúùn tó ń sọ Faransé lọ. Ká ní ìbò àwọn ará Gúúsù gba ọ̀dọ̀ wa ni, ọmọ yìí ì bá ní ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ tí yóò kọ sínú fọ́ọ̀mù, kò sì sẹ́ni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé ìbò ni wọ́n fi mú ibi tí mo ti wá?"

Ní ìparí 2016, àwọn agbẹjọ́rò àti olùkọ́ ní apá tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùn bẹ̀rẹ̀ ìwọ́de àti ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ní ìjọba ń kó adájọ́ àti olùkọ́ tí Faransé nìkan yé wá bá àwọn. Láti oṣù Kọkànlá ọdún náà ni ilé ẹ̀kọ́ ti tì pa. Ọmọ ọdún méje ni ọmọbìnrin yìí nígbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 2017, àwọn tó fẹ́ yapa kéde orílẹ̀-èdè tí wọ́n pè ní Ambazonia, ọ̀rọ̀ sì di ogun. Wọ́n dáná sun ilé ní abúlé wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ 2018 ni wọ́n gba inú igbó kọjá sí Nàìjíríà: bàbá, ìyá, òun, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá. Àwọn ẹbí wọn ní Etung gbà wọ́n sílé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kó wọn lọ sí ibùdó Adagom ní Ogoja, tí wọ́n ṣí fún àwọn ogunléndé lọ́dún náà. Bàbá rẹ̀ ní òun ń padà lọ wo oko kòkó òun. Wọn kò tíì gbúròó rẹ̀ di òní.

Nítorí náà, òótọ́ ni ti oko kòkó. Òótọ́ náà ni pé bàbá wà níbì kan, ìyá wà níbòmíràn. Ìlú nìkan ni ọmọ náà pààrọ̀.

Ní 2019 ni àbúrò ìyá rẹ̀ mú un wá sí Òṣogbo. Onídìrí ni obìnrin náà. Ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ wà ní ìjọ kan náà ní Ogoja ti ṣáájú rẹ̀ débí, ó sì ní iṣẹ́ wà. Yàrá kan ni wọ́n gbà nínú agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọjà Ìgbọ̀nà ló sì ti ń dirí. Ìyá ọmọ náà àti àbúrò rẹ̀ dúró sí Ogoja, nítorí ẹni tí kò bá sí ní ibùdó nígbà tí wọ́n bá ń ka orúkọ lè pàdánù ohun tí wọ́n ń fún wọn. Primary 4 ni wọ́n fi í sí níbí. "Calabar" ni àwọn ọmọ kíláàsì ń pè é. Gbogbo ẹni tó bá ti apá ibẹ̀ wá, Calabar ni lẹ́nu wa. Olùkọ́ kan bi í níwájú kíláàsì bóyá òótọ́ ni pé ajá ni wọ́n ń jẹ nílé wọn. Ó ní láti ọjọ́ yẹn ni òun ti pinnu pé òun máa gbọ́ Yorùbá débi tí ẹnikẹ́ni kò ní í lè bi òun ní ìbéèrè mọ́.

Ó sì gbọ́ ọ. Láàárín ọdún méjì, kò sí ìyá ọlọ́jà tó lè fi ohùn mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ wa. Àwọn olùkọ́ ń yìn ín, a ń ní ó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ tiwa tó jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń bá wọn sọ nílé. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ná an.

Nígbà tó wọ JSS1, ilé ẹ̀kọ́ tuntun ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ kìíní ni ọmọ tó jókòó tì í bi í pé, "Ilé wo ni yín l'Óṣogbo?" Ìbéèrè tí gbogbo wa ń béèrè nìyẹn, a kò sì fi ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Bí a ṣe ń mọ èèyàn nìyẹn: ọmọ ta ni, ilé wo, ìdí igi wo. Ẹni tó bá ní èsì, kíá ni a ó ti rí ẹni tí a jọ mọ̀, tí a ó sì di ìbátan. Ẹni tí kò bá ní èsì yóò kàn dúró síbẹ̀. Ó ní orúkọ ìlú tó kọ́kọ́ wá sí òun lẹ́nu ni Ìkìrun, nítorí bí òun bá ń gba Old Garage kọjá, òun ni àwọn ọlọ́kọ̀ máa ń pariwo. Àyìnkẹ́ jẹ́ orúkọ oníbàárà kan tó ń wá dirí lọ́dọ̀ alágbàtọ́ rẹ̀, ìyá àgbà kan ló máa ń sìn ín wá, tí yóò máa kì í bí wọ́n ṣe ń di í.

Iṣẹ́ ńlá ni irọ́ náà wá di fún un. Bí ọdún Kérésì bá dé, á ní òun ń lọ sí Ìkìrun, á sì ti ara rẹ̀ mọ́lé títí wọ́n fi wọlé padà kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Kò mú ọ̀rẹ́ wá sílé rí. Èyí tó dun alágbàtọ́ rẹ̀ jù ni ọjọ́ tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba iwájú ìsọ̀ rẹ̀ kọjá ní Ìgbọ̀nà, tí ọmọ náà wò ó lójú, tí kò kí i. Obìnrin náà sọ fún mi pé òun kò bá a wí. Ó ní òun tún gbé ojú òun sórí irun tí òun ń dì, kí ọmọ náà lè rọ́nà kọjá. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n mo ní láti dìde kúrò níbi tí mo jókòó sí nígbà tó sọ ọ́.

Fóònù sì tún wà. Lọ́jọ́ Àìkú ni ìyá máa ń pè láti Ogoja. Níbẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ń fi Ejagham dáhùn pẹ̀lú ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, torí àwọn ará agbo ilé lè gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ń fi Píjìn dáhùn. Nígbà tó yá, "Yes" àti "No" nìkan ló kù. Ìyá rò pé ọmọ ń bínú sí òun pé òun jẹ́ kí wọ́n mú un lọ. Ìgbà tí mo bi ọmọ náà ló sọ òótọ́: ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, kò rí wọn mọ́, ojú sì ń tì í láti sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun kò rí wọn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí délẹ̀ láàárín àwa olùkọ́, ẹnì kan ní kí n sọ ti Àdùnní Olórìṣà fún ọmọ náà kó lè tù ú nínú. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn: Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní Austria ní 1915, tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún igbó Ọ̀ṣun ṣe títí tí UNESCO fi kọ orúkọ igbó náà sílẹ̀ ní 2005, tó sì kú síbí ní 2009. Òyìnbó tó di ọmọ Òṣogbo. Mo bọlá fún ìyá náà, ṣùgbọ́n n kò sọ ọ́ fún ọmọ náà. Àgbà ni Àdùnní nígbà tó dé, ó ní ìwé ìrìnnà, òun ló fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò wà, kò sì sígbà kan tí ẹnikẹ́ni ní kó sọ pé kì í ṣe Austria ni wọ́n ti bí òun. Ọmọ yìí kò yan nǹkan kan.

Ìtàn tó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu wà nínú ìlú yìí fúnra rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ ń fọ́ níkọ̀ọ̀kan, Òṣogbo jẹ́ ọ̀kan lára ibi tí àwọn èèyàn sá wá. Wọ́n pọ̀ débi pé ìlú náà yàtọ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ kí ogun Òṣogbo tó dé ní 1840, nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ìlọrin níbí. Agbo ilé tó ti ọ̀dọ̀ irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ kò kéré nínú ìlú. Kò sẹ́ni tó gba oríkì orílẹ̀ wọn lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí baba ńlá rẹ̀ ti Ọ̀fà wá, a ṣì ń kì í ní ọmọ Ọlọ́fà, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín, ilé rẹ̀ sì wà ní àárín Òṣogbo, ó ń jẹ oyè Òṣogbo, òkú rẹ̀ ń sùn sí Òṣogbo. A ti mọ̀ tipẹ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ ti ibí kó sì tún jẹ́ ti ibi tó ti wá. Ohun tí mo sọ fún igbákejì ọ̀gá wa nìyẹn. Mo ní bí a bá lè fi bẹ́ẹ̀ gba ẹni tó sá wá láti Ọ̀yọ́, kí ló dé tí ọmọ tó sá wá láti Eyumojock fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di ọmọ Ìkìrun? Wọn kò dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn kò sọ̀rọ̀ ìjẹ́wọ́ ní gbangba mọ́.

Ti fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ dojú kọ, nítorí ọjọ́ ń lọ. Òfin kò ṣòro. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ (UBE) tí Nàìjíríà ṣe ní 2004 ní kí ìjọba pèsè ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ tó bá tó ọjọ́ orí Primary 1 títí dé JSS3. Kò sọ pé ọmọ Nàìjíríà nìkan. Àdéhùn àgbáyé ti 1951 lórí àwọn asásálà, tí Nàìjíríà fọwọ́ sí, ní kí á ṣe fún ọmọ wọn nínú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí a ṣe ń ṣe fún ọmọ ẹni. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ wọn sì ti wà láti 1989. Ọmọ náà àti alágbàtọ́ rẹ̀ ní ìwé asásálà láti Ogoja. Gbogbo rẹ̀ wà nílẹ̀, ibi tí a ó kọ ọ́ sí ni kò sí. Orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ nìkan ló wà nínú kọ̀ǹpútà ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀, ó ní òun kò lè fi àyè ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ẹnì kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí á kọ Cross River, ìjọba ìbílẹ̀ Etung, pé owó díẹ̀ ni wọ́n máa ń gbà kí wọ́n tó fún èèyàn ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Alágbàtọ́ fẹ́ gbà, n kò sì dá a lẹ́bi, ìdánwò ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Èmi ni mo kọ̀. Ohun tí a fẹ́ kí ọmọ náà tìtorí rẹ̀ dúró níwájú èrò ni a tún fẹ́ fi òǹtẹ̀ lù fún un yẹn. Ó gba ìwé kíkọ, ó gba lílọ àti bíbọ̀, kí ọ̀gá ẹni tó ń forúkọ sílẹ̀ tó fi hàn án pé àyè wà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà ní ojú ìwé mìíràn nínú ẹ̀rọ kan náà. Wọ́n kọ Kamẹrúùn. Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́.

Èyí tó kù kì í ṣe ohun tí òfin lè ṣe. Ìyá àgbà kan wà nínú agbo ilé tí wọ́n ń gbé, Ìyá Gánà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ọmọ náà kò mọ ìdí orúkọ náà, kò sì béèrè rí. Nígbà tí ariwo ọ̀rọ̀ yìí délé, màmá yìí pè é wọlé. Kumasi ni wọ́n bí wọn sí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí gbogbo àjòjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá ló sì kó ẹrù sórí ọkọ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Ìyá Gánà. Twi ni wọ́n ń sọ níta, Hausa ni wọ́n ń sọ nínú Zongo, àdúgbò àwọn àjòjì, Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju èyí tí bàbá wọn fi ń bá wọn wí lọ. Wọ́n dé Òṣogbo, wọ́n dé ilé baba wọn gan-an, àwọn ọmọ inú agbo ilé sì ń pè wọ́n ní Ọmọ Gánà. Wọ́n ní fún ìgbà pípẹ́ ni wọ́n ń sunkún ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí wọ́n ti rò pé ilé ni wọ́n ń bọ̀.

Màmá yìí ka oókan, eéjì, ẹẹ́ta fún un ní Twi, baako, mmienu, mmiensa, títí dé ẹ̀wá, lẹ́yìn ọdún tó lé ní àádọ́ta. Wọ́n ní kí òun náà ka ti èdè tirẹ̀. Ó ka dé méje, ó há. Kì í ṣe ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n ó gba fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ó béèrè ẹẹ́jọ. Alágbàtọ́ rẹ̀ ló sọ fún mi pé ìyá pariwo lórí fóònù débi pé gbogbo yàrá gbọ́.

Ti oríkì ni ọmọ náà bi mí léèrè, bóyá òun gbọ́dọ̀ fi Àyìnkẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó lọ bi àgbà. Ìyá Gánà dá a lóhùn pé oríkì kì í ṣe ohun tí èèyàn ń mú fúnra rẹ̀, àgbà ló ń fún ọmọ. Pé ìyẹn tó mú tẹ́lẹ̀ kò kà, àmọ́ òun fún un báyìí. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ló kọ́kọ́ wà nínú ìwé báyìí, Àyìnkẹ́ sì tẹ̀ lé e.

Gbogbo nǹkan kọ́ ló dára. Òun ló yan àwọn tó fẹ́ sọ òtítọ́ fún, ọ̀rẹ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi jáde JSS3. Ọ̀rẹ́ náà ti sọ àṣírí ilé tirẹ̀ fún un láti JSS1, ó sì rò pé tọ̀tún-tòsì ni. Mo gbọ́ ti ọmọ yẹn náà, ó sì jàre. Àwọn ọmọkùnrin kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Calabar. Olùkọ́ kíláàsì dá wọn lẹ́kun. Ó yege ìdánwò náà, ó ti wà ní SS1.

Àwọn ohun tó ṣì wà níwájú rẹ̀ kò kéré. JAMB kò ní forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìsí NIN. Òfin NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ti 2007 fàyè gba àjòjì tó ń gbé níbí lọ́nà tó bófin mu, ìyẹn ni a ń bá lọ́wọ́. Ní ti dídi ọmọ Nàìjíríà, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 béèrè ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àjòjì tó lè tọrọ rẹ̀, àgbà nìkan ló sì lè tọrọ. Mo ṣe ìṣirò náà pẹ̀lú rẹ̀: 2033. Kò tíì mọ̀ bóyá òun máa fẹ́ ẹ nígbà náà, n kò sì rò pé ó yẹ kó mọ̀ báyìí. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́lọ́wọ́ ni láti lọ sí Ogoja nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, alágbàtọ́ rẹ̀ ti ń tọ́jú owó ọkọ̀.

Fọ́ọ̀mù tí ilé ẹ̀kọ́ wa fi ń gba ọmọ wọlé ní àyè tuntun kan báyìí, lókè ibi tí wọ́n ti ń kọ ìpínlẹ̀: orílẹ̀-èdè. Igbákejì ọ̀gá wa ló ní kí wọ́n fi í síbẹ̀, wọ́n sì ní kí àwọn tó ti wà nílé ẹ̀kọ́ tẹ́lẹ̀ náà kọ tiwọn. Nígbà tí àwọn fọ́ọ̀mù náà padà dé, ọmọ kan ní SS2 kọ Tógò, òmíràn ní JSS2 kọ Niger. Mo ti ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì.